Tẹ́ńṣọ̀n Yàtọ̀ sí Háípàtẹ́ńṣọ̀n

Tí ẹnì kan bá pè yín láti Ìbàdàn pé tẹ́ńṣọ̀n wà ládùúgbò àwọn, ẹ máa ní láti bi í pé irú èwo. Ó lè jẹ́ wáyà iná ńlá tó gba orí ilé wọn kọjá ló ń wí. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ìta ń lé ara wọn kiri, tí oníkálukú ti ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ó sì lè jẹ́ pé ìyá onílé ni dókítà sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo la fi ń pe gbogbo ìyẹn, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Méjì nínú ohun tí à ń pè ní tẹ́ńṣọ̀n ló jẹ mọ́ ara àti ọkàn wa. Àkọ́kọ́ ni tẹ́ńṣọ̀n tí à ń mọ̀ lára: àyà tó ń já, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, oorun tí kò wá. Ìkejì ni háípàtẹ́ńṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Torí pé orúkọ wọn jọra, ọ̀pọ̀ wa gbà pé ti àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù tó fi di èkejì: ẹni tó bá ti ronú ronú tí tẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ kọjá ààlà, háípà ti dé nìyẹn. Ẹni tó bá sì ti gba èyí gbọ́, ó ti gba òmíràn mọ́ ọn láìmọ̀: pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ kò lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ lọ dúró sí ilé ìta oògùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ. Ìyá kan jókòó, wọ́n di aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, afẹ́fẹ́ wọ inú aṣọ náà títí ó fi fún un lápá pinpin, ó wá ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà jáde: 172 lókè, 104 nísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ga o. Ṣé ẹ ti ń lo oògùn tẹ́lẹ̀ ni?" Ìyá ní, "Èmi kẹ̀? Kí ló máa fún mi ní tẹ́ńṣọ̀n? Àwọn ọmọ mi ti ṣe tán, bàbá wọn ò yọ mí lẹ́nu, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ lọ tún ẹ̀rọ yín ṣe jàre." Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gba ọjà lọ. Ìyá ò parọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì bi í kọ́ ló kàn fèsì sí.

Irú wọn ò kéré. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 30 sí 79 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru lágbàáyé jẹ́ 1.28 bílíọ̀nù, àti pé nínú 100 wọn, nǹkan bí 46 ni kò mọ̀ rárá. Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀, tí wọ́n wá kọ oògùn o. Wọn ò mọ̀ ni, nítorí kò sí ohun tó dùn wọ́n.

Ibi tí orúkọ náà ti wá

Èdè Látìn ni "tension" ti ṣẹ̀, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ò ju kí a fa nǹkan kí ó le lọ. Ẹni tó bá ti rí onígángan lẹ́nu iṣẹ́ á tètè mọ̀ ọ́n: bó bá ti fún ọṣán mọ́ ìhà, awọ á le, ohùn á lọ sókè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Kò sí ìrònú tàbí ìbànújẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníná mú un, wọ́n fi ń pe agbára tó ń ti iná nínú wáyà, ìdí nìyí tí a fi ń pe wáyà 11,000 àti 33,000 fóltì tó gba àdúgbò wa kọjá ní "high tension". Wáyà náà ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn tó ń wo ìṣesí ẹ̀dá mú un, wọ́n fi ń pe ọkàn tí kò dẹ̀. Àwọn dókítà náà mú un, tiwọn sì ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó le nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń ti í láti inú.

Ti àwọn dókítà yìí pẹ́. Láàárín ọdún 1870 sí 1884, dókítà ọ̀dọ́ kan wà ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Frederick Akbar Mahomed. Ọmọ ọmọ Sake Dean Mahomed ni, ará Íńdíà tó dá ilé ìwẹ̀ olóoru sílẹ̀ ní Brighton. Kò tíì sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá nígbà náà. Ohun tí Mahomed ń lò ni irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń gbé lé ọrùn ọwọ́, tó ń fi abẹ́rẹ́ ya bí iṣan ṣe ń lù sórí ìwé. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu: àwọn kan wà tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí kíndìnrín wọn ò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí iṣan wọn le ju bó ti yẹ lọ. "High tension" ló pè é. Iṣan ló ń wí, kì í ṣe ọkàn. Ibà táífọ́ọ̀dù ló pa á lọ́dún 1884, ọmọ ọdún 35 péré.

Ní 1896, Scipione Riva-Rocci ní ìlú Turin ní Ítálì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá jáde, èyí tó ń fi mákúrì hàn bí agbára náà ṣe tó. Ní 1905, dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkoff, fi kún un pé kí wọ́n máa gbé ohun ìgbọ́ran sábẹ́ aṣọ náà kí wọ́n lè gbọ́ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá àti ìgbà tí ariwo rẹ̀ bá pa. Láti ìgbà yẹn ni nọ́ńbà méjì ti wà. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkàn bá dẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ míì wọlé. "Hyper" tí wọ́n wá fi ṣáájú rẹ̀, Gíríìkì ni, "kọjá" ló ń jẹ́. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni pé agbára inú iṣan ti kọjá bó ti yẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ pè é ní "ẹ̀jẹ̀ ríru" ní èdè wa sún mọ́ ọn ju àwa tí à ń pè é ní tẹ́ńṣọ̀n lọ.

Ní Kétu, Pọbẹ̀ àti Sákétẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé ìwòsàn, ìdàrúdàpọ̀ náà tún ní ojú míì. Lẹ́nu dókítà wọn, "tension" ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti iṣan, ẹni tó bá sì délé pé "tension" ń ṣe òun, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń sọ. Ìbátan rẹ̀ láti Èkó á ní, "Fọkàn balẹ̀ jàre, gbé gbogbo rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Àdúrà dáa, àmọ́ oògùn ni ẹni yẹn ń wá owó rẹ̀.

Ti BP tún wà ńbẹ̀. "Ṣé ẹ ní BP ni?" Gbogbo ẹni tó bá ń mí ló ní BP, torí ìwọ̀n agbára ẹ̀jẹ̀ ni lẹ́tà méjèèjì dúró fún. Ẹni tí kò bá ní i, a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. A kàn ń gé ọ̀rọ̀ kúrú ni, ó sì yé wa láàárín ara wa, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn nílùú òyìnbó. Bí wọ́n bá bi yín, "high blood pressure" ni kí ẹ kọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àyà bá já

Ẹ jẹ́ ká wá wo tẹ́ńṣọ̀n àkọ́kọ́, èyí tí à ń mọ̀ lára. Ọmọbìnrin kan jókòó síta ọ́fíìsì, ó ń dúró kí wọ́n pè é wọlé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti rin fáìlì tó mú dání. Ó ti lọ tọ̀ tán, ó tún ń ṣe é bíi kó lọ. Inú rẹ̀ ń yí. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì débi pé ó rò pé ẹni tó jókòó tì í ń gbọ́ ọ.

Kò sí àìsàn níbẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré méjì wà tó jókòó lórí kíndìnrín wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọpọlọ bá ti rí ohun tó jọ ewu, wọ́n á tú èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Jokichi Takamine, ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló yọ èròjà náà jáde ní ògidì rẹ̀ lọ́dún 1901. Walter Cannon ní Yunifásítì Harvard ló ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ṣe ni ara ń múra ìjà tàbí eré sísá. Ọkàn á yára kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé itan àti apá. Ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀, torí oúnjẹ lè dúró bí ẹkùn bá dé, ìdí sì nìyẹn tí inú fi ń yí. Itọ́ á gbẹ. Òógùn á yọ kí ara má bàa gbóná jù. Ẹkùn ò sí ní ọ́fíìsì náà, ọ̀gá mẹ́ta tó wọ gíláàsì ló wà ńbẹ̀, àmọ́ ara ò mọ ìyàtọ̀.

Bí èyí bá ń lọ lọ́wọ́, bí ẹ bá wọn ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin yẹn, ó máa ga. Ibi tí tẹ́ńṣọ̀n méjèèjì ti pàdé nìyí, ibẹ̀ náà sì ni àṣìgbọ́ wa ti rí ẹsẹ̀ dúró lé. Ṣùgbọ́n bó bá jáde, tó mu omi tútù, tó jókòó díẹ̀, nọ́ńbà náà á padà sílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ń wí ni èyí tí kì í padà sílé. Ẹ sùn tán, ẹ jí, ẹ rẹ́rìn-ín, ó ṣì wà lókè níbẹ̀.

Ẹnì kan á ní, ṣé ìrònú kì í fa ẹ̀jẹ̀ ríru rárá ni? Ó lọ́wọ́ sí i, àmọ́ òun kọ́ ló ni ẹjọ́. Ẹni tó ń ronú kì í sùn dáadáa, ó lè máa mu ọtí tàbí sìgá láti fi gbàgbé, ó lè máa jẹun ní àjẹkì, gbogbo ìyẹn sì ń ti nọ́ńbà náà sókè. Àwọn tó lẹ́jọ́ jù ni iyọ̀, ara tó sanra, ọjọ́ orí, ìdílé tí a ti wá, àti àìrìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan. Ẹ ronú kan magí, pọ̀nmọ́ oníyọ̀, búrẹ́dì àti indomie kí ẹ tó sọ pé ẹ ò kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ìwádìí kan wà tó kan àwa gan-an. Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú wò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní erékùṣù Caribbean, àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1997. Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, wà lára ibi tí wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀. Nínú 100 ènìyàn, 16 ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ní apá tiwa níhìn-ín, 26 ní Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Bí a ṣe ń lọ láti ibì kan sí èkejì, ara ń sanra sí i, iyọ̀ ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ. Èmi ò rí ẹni tó lè sọ fún àgbẹ̀ Igbó-Ọrà pé kò ní ohun tó ń rò. Ó ń ro òjò, ó ń ro owó ilé ìwé, ó ń ro àwọn darandaran. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ ju ti ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ilé alámúlétutù ní Chicago lọ. Láti ìgbà yẹn, oúnjẹ àti ìgbé ayé àwọn ìlú ńlá wa náà ti ń jọ ti ọ̀hún, ẹ má sì fi 16 yẹn sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i lára ènìyàn kan ṣoṣo, kó wo Franklin Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Aláwàdà ni, ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ débi pé ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn aráàlú fi ń yìn ín. Ẹ lè ní ogun ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 1941, kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun rárá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wà ní 188/105. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, dókítà kan tó mọ̀ nípa ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀, Howard Bruenn, wọ̀n ọ́n ní 186/108. Oògùn gidi tó ń mú un wálẹ̀ dáadáa ò tíì sí. Dín iyọ̀ kù, dín sìgá kù, sinmi: ìyẹn náà ni. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹrin ọdún 1945, ó jókòó ní ilé rẹ̀ ní Warm Springs, ìpínlẹ̀ Georgia, ayàwòrán kan ń ya àwòrán rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn orí ń fọ́ òun gidigidi, ó sì dákú. Nígbà tí Bruenn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà náà ti kọjá 300 lórí 190. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Kò rí alẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún 1958 ni oògùn tó ń jẹ́ chlorothiazide dé, èyí tó ń mú kí ara tọ omi àti iyọ̀ dànù. Àwọn oògùn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ni à ń rà káàkiri báyìí.

Oògùn tí a ń ṣì lò

Nǹkan mẹ́ta ló ń jáde láti inú àṣìgbọ́ yìí, tí mo sì ń rí léraléra. Èkíní, ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí amlodipine tàbí lisinopril á lò ó fún oṣù kan, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti wálẹ̀, á sì ní ó tán, torí tẹ́ńṣọ̀n ti lọ. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Bó bá fi oògùn sílẹ̀, nọ́ńbà á gòkè padà, kò sì ní dún, kò ní dùn ún. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú nítorí amlodipine, tàbí ikọ́ gbígbẹ ń yọni lẹ́nu nítorí lisinopril, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kéèyàn dá a dúró fúnra rẹ̀ kó máà sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń lọ ìrìn àjò pọ̀ tó ń fo oògùn tó ń mú wọn tọ̀, torí ìgbà wo ni ọkọ̀ máa dúró lójú títì Ìbàdàn sí Èkó? Ẹ béèrè bóyá ẹ lè lò ó lálẹ́ tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá délé.

Èkejì burú jù ú lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń ru, èèyàn á lọ ra Valium tàbí Lexotan ní ṣọ́ọ̀bù, pé kí tẹ́ńṣọ̀n lè dín kù. Oògùn oorun àti ìfọkànbalẹ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn. Wọn kì í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó ń lò wọ́n lójoojúmọ́ láìsí dókítà lè di ẹni tí kò lè sùn mọ́ láìlò wọ́n. Á wá jókòó jẹ́jẹ́, oorun á máa kùn ún, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru lọ ní tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òdìkejì: ẹni tí àyà ń já lóòótọ́, tí kò sùn láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé ẹ̀rọ, ẹ̀rù ti ń bà á pé kí ló máa jáde, ẹ̀rù yẹn á gbé e sókè, ó rí i, ẹ̀rù tún pọ̀ sí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun dókítà, nọ́ńbà wọn á fò, tó bá sì di ilé, ó wálẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ló máa yanjú ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ìpáyà náà bá wà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, tí kò jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ tàbí sùn, àìsàn ni, ó ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ wà ní Arò l'Ábẹ́òkúta, ní Yábàá àti ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, wọn kì í sì í ṣe dókítà wèrè nìkan bí àwọn aládùúgbò ṣe máa ń wí.

Bí a ṣe lè lo ọ̀rọ̀ náà láìṣi ara wa gbọ́

Láàárín ara wa, kò sí ẹni tó ní ká má sọ pé "má fún mi ní tẹ́ńṣọ̀n". Ọ̀rọ̀ ti di tiwa, ó sì dùn. Níwájú dókítà ni kí ẹ ti gbé e sílẹ̀. Tí ẹ bá ní "tẹ́ńṣọ̀n ń ṣe mí", ẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un láti máa méfò. Yorùbá ní èyí tó sàn jù ú lọ: àyà mi ń já láìnídìí, ara mi ò lélẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, jìnnìjìnnì máa ń bò mí tí mo bá wọ ọkọ̀, ojora ń mú mi bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Èyí tí kò nídìí yàtọ̀ sí èyí tó nídìí, èyí tó wá lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí èyí tí kì í lọ. Dókítà tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dà rẹ̀ tí à ń lò, "I am tensed", àwa la ni ín. "I'm tense" ni àwọn òyìnbó ń sọ, ohun tí wọ́n sì máa gbọ́ nínú rẹ̀ ni ara tó le, èjìká tó gòkè, àgbọ̀n tí eyín ń fún pọ̀. Bí ohun kan bá ń bọ̀ tó ń já yín láyà, bíi ìdánwò awakọ̀ tàbí ìgbéyàwó, "nervous" ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ọjọ́ iwájú tí kì í kúrò lọ́kàn, "anxious" ló bá a mu. "Stress" ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù fún àwọn tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó rìn láti Ojúẹlẹ́gbà dé Ìkẹjà lábẹ́ oòrùn, stress ló ṣe, a kàn ń wí pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Hans Selye ti gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìmọ̀ ìṣègùn, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1936 ní Montreal, ẹrù tó wọ ọkàn àti ara lọ́rùn jù ló ń jẹ́. Tí ẹ bá sọ fún ọ̀gá yín níbẹ̀ pé "I'm stressed", tó jẹ́ pé oorun lásán ló ń kùn yín, ó lè kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí àwọn tó ń rí sí ìlera ọpọlọ òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ àárẹ̀ ni, "I'm tired" ti tó.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ńbà ni èdè rẹ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ ti tọ̀ tán. Kò sí kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ má gbé e lé ara wọn, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ sókè. Orí bùbá àti súwẹ́tà kọ́ ni wọ́n ń dì í mọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n náà má bá yín sọ ti ìdìbò. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. 140/90 sókè ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 2017, 130/80 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìdí nìyí tí dókítà Houston fi lè ní ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín ń ru, tí nọ́ńbà kan náà ò sì mú dókítà Òṣogbo fajú ro.

Ọrùn tó ń ro àti orí tó ń fọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ ti gòkè, àìsí wọn kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ó wálẹ̀. Àmọ́ àwọn ìgbà kan wà tí a kì í sọ pé "tẹ́ńṣọ̀n ni, á lọ". Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí apá kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu lójijì, bí àyà bá ń dun èèyàn bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e, tí òógùn tútù ń bò ó, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aboyún tó ti kọjá oṣù márùn-ún, tí orí ń fọ́ tí kò dáwọ́ dúró, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń wú, ẹ má ṣe sọ fún un pé kó má ronú mọ́. Ẹ wá ọkọ̀ fún un.